Láti Pápá Dé Inú Ìkòkò

Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Houston bá wọ ilé ìtajà ńlá láti ra ẹran ọbẹ̀, yóò bá oríṣi ẹran màlúù méjì lórí àtẹ kan ṣoṣo, igẹ̀ ni èyí, igẹ̀ náà ni tọ̀hún, ṣùgbọ́n owó ọ̀kan yóò ga ju ti èkejì lọ dáadáa, kìkì nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sí ara ọ̀rá tí wọ́n fi dì í pé koríko ni màlúù náà jẹ títí ó fi dé ẹnu ọ̀bẹ. Ará ilé tí ó bá gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwa ti mọ̀ pé koríko ni oúnjẹ màlúù, a kò sì tíì rí darandaran kan tí ó gbé àwo oúnjẹ síwájú ẹran rẹ̀ rí.

Ohun tí ó fà á ni pé ní Texas, ní Kansas àti ní Nebraska, ọmọ màlúù a máa bá ìyá rẹ̀ jẹko nígbà tí ó wà ní kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ku nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n pa á, wọn a sé e mọ́ inú ọgbà, wọn a sì máa da àgbàdo sílẹ̀ fún un, kí ó lè yára sanra, kí ọ̀rá sì wọ inú ẹran náà kí ó lè rọ̀ lẹ́nu. Èyí tí kò wọ ọgbà yìí ni wọ́n ń pè ní ajẹko. Àwọn onímọ̀ kan ní California kó ìwádìí nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún jọ ní 2010, wọ́n sì rí i pé ọ̀rá ajẹko kì í pọ̀ tó ti ajàgbàdo, pé ọ̀rá omega-3 tí ń ran ọkàn lọ́wọ́ pọ̀ sí i nínú rẹ̀, àti pé fítámì E rẹ̀ pọ̀ ju ti ajàgbàdo lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà tí ń sọ kárọ́ọ̀tì di pupa, èyí tí í mú kí ọ̀rá ajẹko pọ́n rúsúrúsú. Inú ewé tútù ni gbogbo èyí ti wá. Bí màlúù ti ń jẹ ẹ́ ni ó ń kó o pamọ́ sí ara.

Òótọ́ ni, èmi kò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí omega-3 ná owó ńlá lórí ẹran, nítorí pé ìwọ̀nba ni ti inú màlúù, ì báà jẹ ewé tútù jùlọ láyé. Ègé títù kan tàbí ṣáwà tí ìyá ẹlẹ́ja ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ju ti inú rẹ̀ lọ fíìfíì.

Ohun tí mo ka sí àǹfààní ẹran màlúù gan-an ni èyí tí ajẹko àti ajàgbàdo jọ ní: irin tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pọ̀, tí ó ń wọ ara wa wéré ju ti inú ẹ̀fọ́ lọ, àti fítámì B12, tí kò sí nínú ewé kankan tí à ń tà lọ́jà. Nítorí náà, ègé kékeré nínú ọbẹ̀ aboyún, tàbí nínú ti ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, níye lórí ju òkìtì tí à ń kó síwájú baálé ilé lọ. Àwa náà ni a sì ń sọ pé ẹran jíjẹ ń sọ ọmọdé di olè! Ẹgbẹ́ World Cancer Research Fund ní kí àgbàlagbà má jẹ ẹran pupa tí a ti sè ju gíráàmù 350 sí 500 lọ lọ́sẹ̀, èyí tí àwọn kan nínú wa ń jẹ tán nídìí ìnáwó kan ṣoṣo.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Màlúù funfun Fúlàní, abìwo gàgàrà, oníké lẹ́yìn, arìnnà-jìnnà-má-rojọ́, koríko ni ó jẹ dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn koríko gbígbẹ ni, tí àwọn èròjà tí mo wí ti ṣá kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ó bá sì dé ẹ̀gbẹ́ ìlú, orí ààtàn ni ó ń jẹ̀, tí yóò máa gbé ọ̀rá náílọ̀nù mì pẹ̀lú èèpo iṣu. Alápatà tí ó bá la ikùn irú màlúù bẹ́ẹ̀ ní odò ẹran mọ̀ ọ́n dáadáa: náílọ̀nù tí ó ti lọ́ mọ́ra, dúdú, gbàǹgbà, nínú ṣàkì. Abẹ́rẹ́ oògùn apakòkòrò tí wọ́n gún un lọ́sẹ̀ tí ó kọjá lè má tíì jáde lára rẹ̀. Fùkù rẹ̀ ńkọ́? Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wà lára màlúù, ibẹ̀ ni kókó ti í sábà yọ, tí a bá sì la kókó náà, inú rẹ̀ á funfun bíi wàrà gbígbẹ. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti rí àrùn yìí lára màlúù tí a pa ní Bódìjà. Pọ̀nmọ́ tí wọ́n fi táyà àtijọ́ sun, ẹ jẹ́ kí n má tíì sọ ti ìyẹn, nítorí pé èéfín táyà kì í bi awọ pé kí ni ó jẹ nígbà ayé rẹ̀.

Èkìtì fi òfin de dída ẹran jẹ̀ káàkiri ní 2016, Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2019, Oǹdó àti Èkó ní 2021. Bí ọgbà màlúù tí yóò rọ́pò dída ẹran jẹ̀ bá wá dé lóòótọ́, ohun tí ó rọrùn jù ni kí olówó ọgbà máa da àgbàdo àti èèpo pákí sílẹ̀ bíi ti àwọn ará Texas, kí a sì wá máa fi owó ra ohun tí a ti ní lọ́fẹ̀ẹ́. Eésún ń hù lẹ́bàá odò Ọ̀fíkì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Bí a bá gé e ní tútù lásìkò òjò, tí a rì í mọ́ inú kòtò tí a dì pa kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ̀ ọ́, èyí tó pọ̀ nínú oore ewé rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ títí di oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kí owó ọgbà tó jáde, kí àwọn gómìnà wa kọ́kọ́ fi wolé-wolé kún èyí tí ń bẹ ní odò ẹran, kí wọ́n sì fún un ní agbára láti ju fùkù tí kò dára sínú iná lójú ẹni tí ó ni ín.