Ẹja ń wọ́n lọ́jà: Ta ló mọ iye tó kù nínú òkun?

Ẹni tó ń gbé Apákun, létí ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, kì í rántí òkun bó bá jí láàárọ̀. Ariwo mọ́tò ló máa ń gbọ́, kì í ṣe ariwo ìgbì. Síbẹ̀, bí ìyá kan bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná ládùúgbò náà, òkun ti wọlé dé nìyẹn. Ṣáwá yíyan, edé gbígbẹ àti ẹja yìnyín tí wọ́n ń pè ní kòtè, inú òkun ni gbogbo wọn ti wá. Bí òjò bá sì rọ̀, ọ̀rá piọ́ wọ́tà inú gọ́tà á gba kánáàlì kọjá, á dé ọ̀sà, á sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú òkun. Òkun ń bọ́ Apákun, Apákun sì ń fi ìdọ̀tí san án padà.

Lóde òní, owó ẹja ń ga sí i. Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ra odindi tẹ́lẹ̀ ti ń ra ìlàjì. Owó dọ́là wà lára ohun tó fà á, nítorí ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ẹja yìnyín ti ń wá. Ìṣirò tí ìjọba àpapọ̀ ń lò ni pé ẹja tí Nàìjíríà nílò lọ́dún tó mílíọ̀nù 3.6 tọ́ọ̀nù, nígbà tí èyí tó ń jáde láti inú omi àti adágún ẹja ilé kò ju mílíọ̀nù 1 lé díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dí àlàfo yìí láti inú òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ẹja mélòó ló kù níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí ló sọ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nípa òkun di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun tí wọ́n ń pè ní NIOMR sílẹ̀ ní Victoria Island, l'Ékòó. Lọ́dún 2023, ìjọba tún dá ilé-iṣẹ́ mínísítà tó ń bójú tó òkun àti ọrọ̀ inú omi sílẹ̀. Adégbóyèga Oyètọ́lá, gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀ rí, ni mínísítà àkọ́kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ẹja kúrò lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá síbẹ̀. Etíkun tí wọ́n ń ṣọ́, láti Badagry títí dé ìpínlẹ̀ Cross River, gùn tó kìlómítà 853.

Àwọn kan lè béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń ka ohun tí kò fojú rí. Iṣẹ́ náà kì í ṣe idán. Àwọn onímọ̀ á lọ sí èbúté níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, wọ́n á wọn ẹja, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sì la inú rẹ̀ wò bóyá ó ti lẹ́yin. Òkúta kékeré kan wà nínú etí ẹja tó ní ìlà róbótó-róbótó bíi ti inú igi, ìlà yẹn ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan bá ń pa apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, tó wá di mẹ́ta, tí ẹja tó ń bọ́ sínú àwọ̀n sì ń kéré sí i, onímọ̀ ti mọ̀ pé àwọn ọmọ ni wọ́n ń pa, àwọn ìyá ti tán.

Lọ́dún 1963 àti 1964, wọ́n ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ káàkiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Èkó ni wọ́n sì ti tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde. Láti ọdún 1975, orílẹ̀-èdè Norway àti àjọ FAO náà ti ń lo ọkọ̀ ìwádìí tó ń jẹ́ Dr Fridtjof Nansen láti fi ẹ̀rọ wo ẹja lábẹ́ omi nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àlejò, á dé, á sì lọ. Apá tó pọ̀ jù nínú ẹja òkun tí wọ́n ń pa nílé ló ń ti ọwọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré wá, káàkiri àìmọye èbúté. Bí kò bá sí ẹni tí yóò máa kà á níbẹ̀ lóṣooṣù, ìméfò lásán ni ìṣirò náà yóò jẹ́.

Òfin wà ná. Òfin ẹja òkun ti ọdún 1992 sọ pé ọkọ̀ apẹja ńlá, tí wọ́n ń pè ní tírọ́là, kò gbọdọ̀ wọ́ àwọ̀n láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, ìyẹn bíi kìlómítà 9. Àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń dàgbà. Àmọ́ ẹ̀sùn tí àwọn apẹja ń fi kan àwọn tírọ́là ni pé wọ́n ń wọ ibẹ̀, tí wọ́n sì ń fa àwọ̀n olówó iyebíye ya.

Ọ̀rọ̀ ìjàpá òkun fi hàn pé ìwádìí lè ṣàǹfààní. Afẹ́fẹ́ ni ìjàpá òkun ń mí bíi tèèyàn. Bó bá kó sínú àwọ̀n edé tí kò sì rí ọ̀nà jáde, omi yóò pa á. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá irin kan tí wọ́n ń so sínú àwọ̀n: edé á gba àárín rẹ̀ kọjá, ìjàpá á sì gba ojú ihò jáde. Láti ọdún 1989 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé edé òkun tí wọ́n bá pa lọ́nà tó lè pa ìjàpá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Oníṣòwò edé Nàìjíríà tó bá fẹ́ tà á níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Èrè tó wà níbẹ̀ kò mọ sórí ìjàpá. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ń jẹ ẹran omi kan tó rọ̀ bí ògì, tó sì máa ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹja. Bí ìjàpá bá tán, ọ̀tá ẹja ló pọ̀ sí i. Ọ̀rá inú gọ́tà sì jọ ẹran omi yìí lójú ìjàpá. Bó bá gbé e mì, ó lè kú.

Lórí dídá ẹja pípa dúró fúngbà díẹ̀, ẹ̀kọ́ wà ní Ghana. Lọ́dún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tírọ́là ní àsìkò ìsinmi kí ẹja lè bímọ. Lọ́dún 2018, wọ́n fẹ́ mú àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré mọ́ ọn nínú oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n àwọn apẹja fárígá pé ìgbà yẹn gan-an ni ẹja ń jáde, ìjọba sì sún un síwájú. Ọdún 2019 ni wọ́n tó ṣe é, láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà. Lọ́dún 2025, wọ́n yọ àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré kúrò nínú ìsinmi ọdún náà, òfin tuntun sì sún ààlà àwọn tírọ́là láti máìlì òkun 6 sí 12.

Ohun tí èyí ń kọ́ni ni pé ọ̀rọ̀ onímọ̀ nìkan kò tó, ti apẹja nìkan kò sì tó. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Apẹja mọ oṣù tí ẹja ń rìn, onímọ̀ mọ oṣù tó ń yé ẹyin. Ìsinmi pàápàá kò ṣàjèjì. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ tó ti rẹ̀ ń fẹ́ sinmi. Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n máa ń pa odò kan mọ́ títí di ọjọ́ ọdún ẹja tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1934.

Bí Nàìjíríà yóò bá tọ ọ̀nà yìí, nǹkan mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú òfin tuntun. Àkọ́kọ́, kí owó wà fún kíka ẹja ní èbúté lọ́dọọdún. Ìkejì, kí wọ́n sọ àbájáde rẹ̀ fún àwọn apẹja ní èdè Ìlàjẹ, Ègùn, Ìjọ́ àti Yorùbá, kì í ṣe kó wà nínú fáìlì. Ìkẹta, kí wọ́n kọ́kọ́ mú àwọn tírọ́là tó ń rú òfin ọdún 1992. Bí wọ́n bá ní kí tálákà fọwọ́ lẹ́rán, tí olówó sì ń wọ́ àwọ̀n lóru, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́.

Ti Apákun náà wà níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ike fúnfun tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ó sì fi àwọn ike àti ọ̀rá àlòsọnù mìíràn kún un láti oṣù keje ọdún 2025. Ẹni tó gbá ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà lónìí lè má rí òkun rárá, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ ara rẹ̀ ló ń tún ṣe.