Iná Orí Kì Í Sọ Ènìyàn Di Ọdẹ

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti ìgbà àjọ̀dún kan tí a ṣe ní ìlú tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé ẹran mẹ́ta wá síwájú ọba, ìlù ọdẹ dún, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo súnmọ́ àwọn ẹran náà, mo rí i pé kò sí èyí tí ó ní ìwo nínú wọn. Abo ni méjì, ọ̀kan sì wà nínú oyún; ẹ̀kẹta kò tíì já lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní àgbọ̀nrín inú irà ni, wọ́n ní akọni ọdẹ ni ó pa wọ́n. Mo ní irọ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìwé Faransé tí mo kà ni ó sọ mí di òyìnbó. Mo ti bá àwọn ọ̀gá ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n ka gbogbo ọdẹ sí ọ̀daràn, n kò sì gbà fún wọn. Ìtàn Kétu sọ fún wa pé nígbà tí Ọba Ẹdẹ ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ bọ̀, Alálùmọ̀n ọdẹ ni ó mọ ọ̀nà, òun ni ó ṣíwájú. Ìran tí ọdẹ fi ọ̀nà hàn kò lè kẹ́gàn ọdẹ. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a mọ ẹni tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí irà jẹ́ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ilẹ̀ amọ̀ dúdú ni ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, lẹ́bàá Pọ́bẹ̀. Àwọn Faransé ń pe àfonífojì náà ní Lama, ọ̀rọ̀ àwọn Potogí tí ó túmọ̀ sí ẹrẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà a là débi pé ẹsẹ̀ lè há sínú rẹ̀. Bí òjò bá dé, a gbé ẹni mì dé orúnkún. Nígbà tí àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé ní 1914 sí 1915, irà yìí ni odi wọn. Ta ni ì bá sì mọ ojú ọ̀nà nínú rẹ̀ bí kò ṣe ọdẹ?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ó mú mi wọ ibẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò mú ìbọn dání. Ipasẹ̀ ni ó ń kà. Bí omi inú ipasẹ̀ bá ṣì rú, ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Bí ó bá ti tòrò, ó ti pẹ́. Ó fi igi kéékèèké tí akọ fi ìwo họ hàn mí, ó fi ìka wọn gíga rẹ̀. Ó ní akọ tí ó ti gbó kì í bá ẹgbẹ́ rìn: orí òkìtì gbígbẹ tí omi yí ká ni ó ń sùn sí, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò wá bá a níbẹ̀ tí omi kò ní sọ. Nítorí náà, a kì í lọ bá a. A ó wá ibi tí ó ti ń jáde jẹko ní ìrọ̀lẹ́, a ó jókòó sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Bí a bá ń rìn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wádìí ilẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí ewé bá sì ń mì nìkan ni a ń ṣí ẹsẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ajá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dìde, ó ní ó parí, ó di ilé. Ìgbà kejì tí a padà lọ ni ó rí i pa. Lẹ́yìn tí ìbọn dún, kò sáré; ó ní bí a bá lé ẹran tí ó gbọgbẹ́, omi ni yóò wọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi àmì sílẹ̀ lójú omi.

Ẹ wá wo tòní. Iná bátìrì lórí, alùpùpù lábẹ́. Iná ta sí ẹran lójú, ẹran dúró, ojú méjì ń tàn nínú òkùnkùn. Ojú nìkan ni ẹni náà rí! Kò mọ akọ, kò mọ abo, kò mọ ọmọ, ó yìnbọn. Bẹ́ẹ̀ ni abo yìí ń gbé oyún fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, tí ó sì sábà máa ń bí ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn mìíràn a ti iná bọ ìyẹn koríko irà, wọn a kó ajá dúró ní ìhà kejì. Ní àfonífojì odò Ouémé, bí omi bá kún, tí ẹran sá gun orí ilẹ̀ díẹ̀ tí ó kù, kùmọ̀ ni wọ́n fi ń pa á. Èwo ni ti akọni nínú èyí?

Wọ́n ní ebi ń pa àwọn ọ̀dọ́. N kò sẹ́. Ṣùgbọ́n etí títì ni ẹran náà ń lọ, fún ọlọ́kọ̀ tí ń lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Wọ́n ní àwọn baba wa náà lo iná kábáàdì. Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní tirẹ̀. Ọ̀yà ni ó fi ń pa lórí ilẹ̀ gbígbẹ; n kò rí i kí ó gbé e wọ irà.

Òfin wà: òfin 2002-16 ti ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 2004 lórí ẹranko ìgbẹ́. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìwé ìjọba, mo sì mọ bí ọ̀nà ti jìn láti orí tábìlì dé inú irà. Ààfin súnmọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọba bá gbà ni ọ̀dọ́ yóò máa wá kiri.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ wa kí wọ́n gbé èyí dé iwájú àwọn kábíyèsí: kí a má ṣe gba àgbọ̀nrín tí kò bá ní orí àti ìwo lọ́rùn; kí a má ṣe gba èyíkéyìí láti oṣù keje títí dé ìparí oṣù kọkànlá; kí Olúọdẹ tí yóò jẹ oyè máa sọ ìtàn ẹran rẹ̀ níwájú àwọn àgbà ọdẹ, ibi tí ó ti rí ipasẹ̀, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹni tí ó fi iná pa á kò ní rí nǹkan sọ.

Mo jẹ nínú ẹran ọjọ́ náà, kí n tó bi wọ́n léèrè. Mo ti ní kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìwé ìpàdé wa tí ń bọ̀.