Ẹni Tí Ń Já Ewé, Kí Ó Máa Gbìn

Kò sí àgbẹ̀ tí orí rẹ̀ pé tí í jẹ ẹ̀bù iṣu rẹ̀ tán. Bí ebi tilẹ̀ ń pa á, yóò ya ẹ̀bù sọ́tọ̀, nítorí ó mọ̀ pé òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò béèrè ohun tí a ó gbìn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn ń lò fún iṣu, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lò ó fún ewé àti egbò tí wọ́n fi ń tọ́jú ara. Wọ́n ń já ewé, wọ́n ń bó èèpo igi, wọ́n ń wú egbò; àwọn tí ń gbìn kò tó nǹkan. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹlẹ́wé-ọmọ ń tà ní ọjà, inú igbó ni a ti ń kó o wá, igbó náà sì ń di oko àti ilé. Ọ̀gànwó tí a bó èèpo rẹ̀ yí ká kì í yè, nítorí ara èèpo ni oúnjẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú ewé lọ sí gbòǹgbò. Asofẹ́yẹjẹ tí a wú tegbò-tegbò, òpin rẹ̀ ti dé. Nítorí náà ó tọ́ kí a wí i gbangba pé ẹnikẹ́ni tí ń lo ewé gbọ́dọ̀ máa gbìn ín.

Ìtàn kuníìnì kọ́ni ní ọgbọ́n yìí. Ní 1841, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther bá àwọn òyìnbó gòkè Odò Ọya, ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà. Ní 1854 ó tún bá William Baikie lọ. Baikie mú kí àwọn ènìyàn rẹ̀ máa lo kuníìnì kí ibà tó dé sí wọn, kò sì sí òyìnbó kan tí ó kú nínú ìrìn àjò náà. Èèpo igi ni kuníìnì ti ń wá, igi náà sì ń hù ní àwọn òkè Pérú àti Bòlífíà. Ní àkókò yẹn, inú igbó nìkan ni a ti ń rí i. Àwọn tí ń bó èèpo a gé igi lulẹ̀, wọn a sì lọ síwájú láti wá òmíràn.

Ọmọ ìbílẹ̀ Bòlífíà kan, Manuel Incra Mamani, ni ó kó irúgbìn igi tí ó dára jùlọ jọ fún Charles Ledger. Ní 1865, àwọn ará Hólàńdì ra díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbìn ín ní erékùṣù Java. Wọ́n rí i pé kì í ṣe gbogbo ọmọ igi ni ó jọ ìyá rẹ̀. Nítorí náà wọ́n dán èèpo wọn wò, wọ́n yan èyí tí kuníìnì rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì lọ́ ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ le. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, Java ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú kuníìnì ayé ti ń wá.

Àwọn kan a máa wí pé ewé tí a gbìn sí ẹ̀yìn ilé kò ní agbára tó ti inú igbó. Igi Java dá wọn lóhùn: ọwọ́ ènìyàn ni ó gbìn wọ́n, síbẹ̀ kuníìnì inú wọn ju ti ọ̀pọ̀ igi igbó lọ. Irú igi náà, ilẹ̀ tí ó wà, àti ìtọ́jú rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá.

Iṣẹ́ náà kò sì nira. Irúgbìn efinrin kéré bí ẹ̀tù. Kí a gbọ̀n ọ́n sórí ilẹ̀ tí a ti tẹ́, kí a bu iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kí a sì máa wọ́n omi sí i. Ẹni tí ó bá rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ kò ní í rí i kí ó hù. Ewúro fẹ́ kí a gé igi rẹ̀ tí ó ti gbó díẹ̀, ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, tí ó ní oríkèé mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kí a rì í dé ìdajì ní ìdàgẹ̀rẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, kí a má sì dorí rẹ̀ kodò. Ewé tíì ni a ń pín láti ìdí. Ewé àbámodá kan ṣoṣo tí a tẹ́ sórí ilẹ̀ tútù yóò hu ọmọ ní etí rẹ̀. Irúgbìn dóńgóyárò kì í pẹ́ kú. Títun ni kí a gbìn ín.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ara mọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ̀ka tí a gé jọ ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ó sì tètè ń so èrè. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ní àrùn, ọmọ náà yóò ní i. Àwọn tí ń gbin ẹ̀gẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa: igi tí ewé rẹ̀ ká jọ tí ó sì di aláwọ̀ méjì ń gbé àrùn náà lọ sí oko tuntun. Mòríńgà tí a fi irúgbìn gbìn a máa ta gbòǹgbò jinlẹ̀. Èyí tí a fi ẹ̀ka gbìn, afẹ́fẹ́ lè tètè bì í ṣubú. Ohun tí a fẹ́ kí ó tètè wúlò, kí a fi ẹ̀ka gbìn ín. Ohun tí a fẹ́ kí ó pẹ́, kí a fi irúgbìn gbìn ín.

Gbígbin ewé kò sọ ẹnikẹ́ni di oníṣègùn. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé àwọn kò fọwọ́ sí i kí a máa fi àgbo ewé Artemisia wo ibà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ewé náà ni oògùn ibà tí ó lágbára ti jáde. Nítorí ìwọ̀n oògùn inú ewé kì í dọ́gba. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ láìjáfara.

Ṣùgbọ́n bí oògùn ńlá ti ń jáde láti inú ewé, ìparun ewé kan lè jẹ́ ìparun ìwòsàn tí a kò tíì mọ̀. Ilé ìwé ní ilẹ̀, ilé ìjọsìn ní ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé sì ní ẹ̀yìnkùlé tí èpò gbà. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, kí olúkúlùkù tí ó ti já ewé lọ́dún yìí dá ọ̀kan padà fún ilẹ̀.