ÒDÒDÓ RÓÒSÌ INÚ PÁLỌ̀

Nígbà kan, ẹnìkan fi òdòdó róòsì inú ìkòkò ta wá lọ́rẹ. A gbé e sí igun pálọ̀ kí àlejò lè máa rí i, a sì ń bu omi sí i ní àràárọ̀. Ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ó ń já bọ́. A tún fi omi kún omi. Àṣé àwa gan-an ni a ń pa á!

Ìyá kan nínú ìjọ ni ó là wá lójú. Róòsì ń fẹ́ oòrùn, ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́. Ojú fèrèsé ni ààyè rẹ̀. Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò, kí omi má baà dúró, kí gbòǹgbò má sì rà. Ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀: bí òkè bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín, bí ó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Òdòdó tí ó bá ti rọ, ẹ gé e kúrò, kí òmíràn lè yọ.

Bí a ti ń gbé ìkòkò náà lọ sójú fèrèsé, a rántí àkọ́bí wa obìnrin. Bí àlejò bá dé, a ó pè é jáde láti ka ẹsẹ Bíbélì. Ní àràárọ̀, a ó bá a wí. Ṣùgbọ́n a kò jókòó tì í rí láti bi í ohun tí ó ń dùn ún. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a jókòó tì í. Ó sunkún, àwa náà sunkún.

Róòsì wa ti tún rúwé. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó tún bá ọmọ yín wí, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́. Àmín.