Owó Kan Náà, Ìnáwó Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀



Nínú àwọn ilé tí iṣẹ́ mi ń gbé mi dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ bí ọmọ bá ti ń múra àtiwọ yunifásítì: "Nígbà tí owó ẹ̀kọ́ ìtàn àti ti ìṣègùn jẹ́ iye kan náà, kí ló dé tí ọmọ mi kò ní gba ìṣègùn, kí owó mi má baà ṣòfò?" Lóòótọ́, ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2025, £9,535 ni iye tí ó ga jù tí yunifásítì lè gbà lọ́dún lọ́wọ́ ọmọ tí ìjọba kà sí ọmọ ilé, ohun yòówù kí ó kọ́. Ṣùgbọ́n iye tí à ń san yàtọ̀ sí iye tí wọ́n ń ná láti kọ́ ọmọ.

Olùkọ́ kan lè kọ́ igba akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn nínú gbọ̀ngàn kan. Ẹni tí ó ń kọ́ kẹ́místírì kò lè ṣe é láìsí láàbù, àwọn ẹ̀rọ tí ń gbó, àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣọ́ wọn kí iná má baà sọ. Ti ìṣègùn ló wá le jù: akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ni ó lè yí ibùsùn aláìsàn kan ká, dókítà àgbà tí ń kọ́ wọn yóò sì fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀.

Ìjọba mọ èyí tipẹ́. Ní 1998, àjọ tí ń pín owó fún yunifásítì nígbà náà pín ẹ̀kọ́ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: bí ti inú kíláàsì lásán bá jẹ́ £1, ti láàbù jẹ́ £2, ti ìṣègùn ní ọsibítù jẹ́ £4.50. Nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ fò dé £9,000 ní 2012, ìjọba fa owó tirẹ̀ sẹ́yìn lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi kún ti láàbù àti ti ìṣègùn.

Nítorí ìnáwó yìí, ìjọba fi iye sí àyè ìṣègùn. Ọmọ tí ó gba A mẹ́ta lè máà rí àyè rárá. Mo ti bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó, tí bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ẹni pé ọ̀lẹ ni. Ọmọ náà kò ṣe ọ̀lẹ. Àyè ni kò tó.

Bí ó bá jẹ́ ìtàn ni ọmọ yàn, apá kan owó rẹ̀ lè máa gbé ẹ̀ka mìíràn ró. Èmi kò pe ìyẹn ní olè, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè: wákàtí mélòó ni ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ ìjíròrò kan? Ta ní ń ka iṣẹ́ tí wọ́n kọ?

Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú ọmọ yín kò tíì yanjú, ọ̀nà tiyín yàtọ̀. Wọn kò fi òdiwọ̀n sí owó àlejò, ìṣègùn sì wọ́n ju ìtàn lọ jìnnà níbẹ̀. Ẹ wádìí irú ẹni tí wọn yóò kà á sí kí ó tó kọ orúkọ sílẹ̀.