Sun Jihai: Ẹ jẹ́ kí orúkọ ọkùnrin yìí wà níbẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní à ń wá owó lọ, a pàdé iyì lọ́nà. Bí a bá rí owó ọ̀hún tán, iyì náà la máa fi rà. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mò ń ka ìtàn àwọn ọkùnrin méjì kan, ọmọ orílẹ̀-èdè Ṣáínà, tí wọ́n bí ní ọdún kan náà, ní ìpínlẹ̀ kan náà, tí àwọn méjèèjì sì gbé bàtà bọ́ọ̀lù kọ́rùn lọ sí Ìlú Ọba. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́wọ̀n. Ẹnì kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé àwọn kan fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní ọdún 2015, àwọn mìíràn kò sì tíì jáwọ́ nínú rẹ̀ di báyìí.

Sun Jihai ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà a máa fi orúkọ ìdílé ṣíwájú, nítorí náà Sun ni ti ilé bàbá rẹ̀, Jihai ni èyí tí wọ́n sọ ọ́. Ìlú Dalian, létí òkun, ní ìpínlẹ̀ Liaoning, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1977. Ẹ̀yìn ló ń gbá, pàápàá jù lọ ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin bàbá wa tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí rédíò láti ọjọ́ tó ti pẹ́ mọ̀ pé atamátàsé ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn, ọjọ́ tó bá ṣe àṣìṣe la máa ń gbọ́ tiẹ̀.

Lọ́dún 1998, Terry Venables tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Crystal Palace nígbà náà mú Sun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan nínú iṣẹ́, Fan Zhiyi, wá sí gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá yọ Hong Kong sílẹ̀, àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ ti Ṣáínà wá gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò rọrùn. Ọmọ ọdún 21 ni Sun, kò gbọ́ èdè, òtútù ń mú un, gbèsè sì wọ ẹgbẹ́ Crystal Palace lọ́rùn débi pé wọ́n fa àkóso rẹ̀ lé àwọn aṣírò owó lọ́wọ́ ní 1999. Fan dúró, ó tiẹ̀ di balógun ẹgbẹ́ náà, òun náà ló gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní Éṣíà lọ́dún 2001. Sun padà sílé. Ẹlòmíràn ì bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ òyìnbó níbẹ̀.

Oṣù kejì ọdún 2002 ló tún padà dé. Manchester City, tí Kevin Keegan ń tọ́jú, san nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì pọ́ùn lórí rẹ̀. Ẹ má fi ojú Manchester City ti òní wo ìyẹn o. Líìgì kejì ni wọ́n wà lọ́dún yẹn, inú sáà náà ni wọ́n ti gòkè.

Kó tó di pé sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti Korea àti Japan dé. Ẹ ó rántí Bora Milutinovic, òyìnbó ará Serbia tó kó Super Eagles wa lọ sí France ní 1998. Òun náà ló kó Ṣáínà lọ ní 2002. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 2001 ni wọ́n na Oman ní ayò kan sí òdo ní ìlú Shenyang, tí gbogbo ilẹ̀ Ṣáínà sì bọ́ sí ìgboro fún ayọ̀. Òótọ́ ni pé Japan àti South Korea kò sí lọ́nà wọn, nítorí àwọn ló gbàlejò ìdíje náà, kò sídìí tí wọ́n fi ní láti du ààyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ààyè jókòó, kó jókòó. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, nǹkan yíwọ́. Costa Rica nà wọ́n ní 2-0, Brazil fi 4-0 lé e, Turkey fi 3-0 parí rẹ̀. Inú ìdajì àkọ́kọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Costa Rica ni Sun ti fara pa, kò sì padà sórí pápá mọ́. Gbogbo ohun tó rí nínú ife àgbáyé kò tó ìdajì wákàtí. (Àwa náà kò kúkú ṣe dáadáa lọ́dún yẹn, àwa la ṣe ìkẹyìn nínú ìsọ̀rí wa, nítorí náà ká má fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà.)

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 2002, Manchester City lọ bá Birmingham nílé wọn. Sun Jihai ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n sì jáwé olúborí ní 2-0. Kò sí ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kankan tó ti gbá góòlù wọlé nínú Premier League ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn ló ṣe é, kì í ṣe atamátàsé.

Ìgbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2003, Everton wá sí Manchester. Li Tie, tó ń gbá àárín fún Everton, ni ẹnì kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Liaoning lòun náà, 1977 ni wọ́n bí i. Ọ̀mì 2-2 ni wọ́n gbá, Marc-Vivien Foé ará Cameroon, kí Ọlọ́run forí jìn ín, sì wà lára àwọn tó gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ náà. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ nígbà náà pé àwọn ará Ṣáínà tó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n lé ní 300 mílíọ̀nù. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n bu iyọ̀ sí i. Ká tiẹ̀ dá a sí méjì, ó ṣì ju gbogbo èèyàn tó wà ní Nàìjíríà lọ́dún náà lọ.

Ọjọ́ yẹn ni àwọn oníṣòwò bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lajú. Wọ́n rí i pé ọjà ńlá wà lọ́hùn-ún. Láti ìgbà náà ló ti ṣòro láti mọ̀ bóyá torí ẹsẹ̀ ọmọ Ṣáínà ni wọ́n fi ń pè é, tàbí torí ẹ̀wù tí àwọn ará ìlú rẹ̀ máa rà. Li Tie fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ fóònù kan láti Ṣáínà tó ń jẹ́ Kejian ló wà níwájú ẹ̀wù Everton nígbà tó dé ibẹ̀. Mi ò sọ pé kò mọ bọ́ọ̀lù, David Moyes lò ó dáadáa ní sáà àkọ́kọ́. Manchester United ra Dong Fangzhuo, tó ti Dalian wá bíi Sun, ní 2004. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ló gbá fún wọn nínú Premier League kó tó kúrò.

Sun ní tiẹ̀ lo ọdún mẹ́fà ó lé. Keegan lò ó, Stuart Pearce lò ó, Sven-Göran Eriksson náà lò ó. Ní oṣù kẹwàá 2004, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Chelsea, sáà yẹn sì parí fún un síbẹ̀. Ó tọ́jú ara rẹ̀, ó padà wá. Wọ́n fi í sọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n fi í sọ́wọ́ òsì, wọ́n fi í sáàárín, kò jiyàn. Ó gbá ju ọgọ́rùn-ún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì fún wọn. Láàárín ọdún 2008 ló lọ sí Sheffield United, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn olówó Abu Dhabi fi ra Manchester City. Òjò owó rọ̀, ó bá ilẹ̀kùn tí Sun ti jáde.

Nígbà tó padà sí Ṣáínà, kò ṣe bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Ó lọ sí Chengdu ní 2009. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n já ẹgbẹ́ náà sísàlẹ̀ nítorí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ti fowó rà kó tó débẹ̀. Ó bọ́ sí Shaanxi Renhe. Ní 2012, àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Guizhou, bí ẹni kó ṣọ́ọ̀bù kúrò lọ́jà kan lọ sí òmíràn, àwọn alátìlẹ́yìn sì ń sunkún lẹ́yìn wọn. Ní 2013, ọmọ ọdún 36 ni Sun nígbà tí Guizhou Renhe na Guangzhou Evergrande, ẹgbẹ́ tó gba ife Éṣíà lọ́dún kan náà, tí wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ FA ti Ṣáínà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Manchester kọ orúkọ Sun Jihai mọ́ ti àwọn akọni tí wọ́n ń bọlá fún níbẹ̀. Bobby Charlton wà níbẹ̀, George Best wà níbẹ̀, Bobby Moore náà wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ife wo ló gbà ní Manchester? Wọ́n ní góòlù mélòó ló gbá? Wọ́n ní torí pé Ààrẹ Xi Jinping ń bọ̀ wá kí Manchester City ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é.

Mi ò ní parọ́ fún yín, òṣèlú wà nínú ẹ̀. Ààrẹ náà wá lóòótọ́, nígbà tó sì di oṣù kejìlá, àwọn ilé iṣẹ́ kan láti Ṣáínà fi 400 mílíọ̀nù dọ́là ra ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn tó ni Manchester City. Ẹni tó bá ní àwọn nǹkan yìí kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, ó fẹ́ fi wá ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n kí àlejò wá bá wa lálejò kò sọ ẹni tí a fi hàn án di ẹni yẹpẹrẹ. Ta ni wọn ì bá mú? Wọn kò lè mú ẹni tó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni owó ya wọ bọ́ọ̀lù Ṣáínà bí àgbàrá. Shanghai SIPG san nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù pọ́ùn lórí Oscar ti Chelsea. Mikel Obi, Ighalo àti Obafemi Martins, àwọn tiwa náà lọ jẹ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọdún eégún á tán, ọmọ alágbàáà á sì ra àkàrà jẹ̀kọ. Jiangsu gba líìgì ní 2020, oṣù kejì 2021 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù kìíní 2025, ẹgbẹ́ Guangzhou náà, tó ti gba ife Éṣíà lẹ́ẹ̀mejì, tú ká nítorí gbèsè. Chen Xuyuan tó jẹ́ alága àjọ bọ́ọ̀lù wọn gba ẹ̀wọ̀n gbére lọ́dún 2024 nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Li Tie, tó ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 2020, jẹ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba pé òun fowó ra ipò náà. Ní oṣù kejìlá 2024, wọ́n ní kó lọ fi ọdún 20 jura lẹ́wọ̀n. Ọmọkùnrin tí 300 mílíọ̀nù èèyàn jókòó wò lọ́jọ́ ọdún tuntun!

Sun ní tiẹ̀ ń wá ọmọdé kiri lórí òkè àti ní ìgbèríko tó jìnnà sí àwọn ìlú ńlá, láàárín àwọn ẹ̀yà tí wọn kì í sábà ka bọ́ọ̀lù wọn kún. Ó ń kó wọn jọ, ó ń kọ́ wọn. Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Rongjiang, ní ìpínlẹ̀ Guizhou kan náà tí Sun ti gba ife, àwọn ará abúlé dá líìgì tiwọn sílẹ̀ ní 2023: àgbẹ̀, awakọ̀, oníṣòwò ló ń gbá a, ẹran ọ̀sìn wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n ń gbà, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sì ń wá wò ó. Lọ́dún 1985, ilẹ̀ Ṣáínà yìí ni àwọn ọmọdékùnrin wa ti na West Germany ní 2-0 ní Beijing, tí wọ́n sì gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 16 lọ. Kì í ṣe wọ́n fi mílíọ̀nù pọ́ùn ra ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ní oṣù kẹfà 2025, Indonesia na Ṣáínà ní ayò kan sí òdo ní Jakarta, ọ̀nà ife àgbáyé 2026 sì dí mọ́ wọn. Láti 2002 wọn kò padà débẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Manchester pa orúkọ Sun Jihai rẹ́, kó kọ́kọ́ dárúkọ ọmọ Ṣáínà mìíràn tó gbá bọ́ọ̀lù ọdún mẹ́fà nínú Premier League. Di àsìkò tí mò ń kọ èyí, kò tíì sí.