Ẹ Dárúkọ Ẹni Tó Tì Yín Lẹ́yìn

Kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn.

Láìpẹ́ yìí, arákùnrin kan jẹ́rìí nínú ìjọ wa. Aṣọ ló ń rán, Ọlọ́run sì ti bù kún iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ó gba máìkì, ó ní, “Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́ o! Èmi àti Ọlọ́run nìkan ni!” Gbogbo wa pariwo halelúyà. Àmọ́ ìyá kan wà lẹ́yìn tí kò pariwo. Ìyá yìí ló fi ipò rẹ̀ nínú èsúsú sílẹ̀ fún arákùnrin náà, kó lè tètè kówó ra ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́. Ìyá ò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé èsúsú yẹn dáadáa. Ká ní èèyàn 10 ń dá ₦20,000 lóṣooṣù. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o máa gba ₦200,000, bẹ́ẹ̀ ₦20,000 péré lòun tíì dá. Owó ta ni ₦180,000 yòókù? Owó àwọn mẹ́sàn-án tó kù ni. Kò san èlé, kò fi nǹkan ṣe ìdógò. Wọ́n kàn fọkàn tán an ni. Ẹni tó sì gbà láti kó o kẹ́yìn, oṣù kẹwàá ló máa tó fojú rí tirẹ̀. Ṣé ẹni tí wọ́n ṣe èyí fún lè ní òun nìkan ni? A ò tíì sọ̀rọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó fara da gbogbo aṣọ oníbàárà tó gé bàjẹ́, títí tó fi ṣe fíríìdọ̀mù.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Ẹlòmíì kó irú owó bẹ́ẹ̀, ó fi ṣe fàájì. Arákùnrin wa ṣiṣẹ́ mọ́jú. A sì mọ̀ pé àwọn kan wà nínú yín tí ẹbí kọ̀ sílẹ̀, tí ọ̀rẹ́ fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ká torí ẹni tí kò ràn wá lọ́wọ́ gbàgbé ẹni tó ràn wá, ìyẹn ò dáa.

Àwa pásítọ̀ gan-an jẹ̀bi. Àwa la kọ́ àwọn èèyàn pé tí wọ́n bá dárúkọ èèyàn nínú ẹ̀rí, wọ́n ń bá Ọlọ́run pín ògo. Lóòótọ́, Diutarónómì orí 8 kìlọ̀ ká má sọ pé agbára ọwọ́ wa ló fún wa lọ́rọ̀. Àmọ́ ẹ ṣí Róòmù orí 16. Èèyàn tó lé ní 20 ni Pọ́ọ̀lù dárúkọ níbẹ̀! Ó ní Fébè ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, títí kan òun alára. Ó dárúkọ Pírísílà àti Ákúílà, tọkọtaya tó ń pàgọ́, tó gbé lọ́dọ̀ wọn ní Kọ́ríńtì, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ṣé ògo Ọlọ́run wá dín kù? Rárá o. Ọlọ́run ló rán wọn.

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ tiwa náà. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń sọ lórí pẹpẹ pé Bíbélì kan àti agogo kan la fi bẹ̀rẹ̀ ìjọ yìí. Ó dùn létí, àmọ́ kò pé. Mẹkáníìkì kan ló máa ń ti ọkọ̀ oníbàárà síta ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ká lè ráyè to àga sábẹ́ páànù rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀. A ò dárúkọ rẹ̀ rí. A lọ kí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú sì tì wá, torí òun ló tún ń dúpẹ́ pé a wá.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù nìyí. Ọmọ iṣẹ́ tó ń gbọ́ “èmi nìkan ni” á máa rò pé ọ̀lẹ lòun torí pé òun nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó sì gbà pé òun dá ara òun ṣe, kí ló máa mú un fi ipò rẹ̀ nínú èsúsú sílẹ̀ fún ẹlòmíì? Bí ọ̀nà tá a gbà wọlé ṣe ń dí mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn nìyẹn.

Arákùnrin wa ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́ síta.

Àwọn àgbà ní ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Láti ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí nípa òwò, kó yin Ọlọ́run, kó sì dárúkọ ẹnì kan, ó kéré tán. Kílẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ pe ẹni tó tì yín lẹ́yìn nígbà tọ́wọ́ yín ṣófo. Tó bá ti kú, ẹ wá ọmọ rẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá sì lọ́mọ iṣẹ́ tó ti parí, ẹ dá a sílẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

A ò ní di aláìmoore. Olúwa á fi àwa náà ṣe olùrànlọ́wọ́ ẹlòmíì, lórúkọ Jésù. Àmín.